Ọkọ̀ Tó Ń Fà sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí rédíò la kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń pé jọ gbọ́ wa lè kà á fún ara yín. Ẹ má sáré kà á. Níbi tó bá ti yẹ kí ẹ dúró, ẹ dúró, kí ẹ bi ara yín léèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á máa sọ pé, “Ètò ìlera àti ọjà nìyí, kí ló kan ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì níbẹ̀?” Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ Peugeot 504 kan, èyí tí a máa ń pè ní bâchée, bí a ṣe ń bọ̀ láti ọjà Ikpinlè. Àwa mẹ́ta la jókòó níwájú. Àwọn obìnrin mẹ́fà wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpò gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, awakọ̀ kò sáré rárá. Àfi bí ewúrẹ́ kan ṣe já lu ọ̀nà lójijì. Awakọ̀ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ yìí kò dúró lójú ọ̀nà. Ńṣe ló fà lọ sí ọ̀tún, bí ẹni pé ẹnì kan so okùn mọ́ ọn tó sì wọ́ ọ, ó bá wọ inú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ewúrẹ́ bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n apá ìyá kan kán, kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin dà nù, gàrí sì mu epo débi pé kò sẹ́ni tó lè rà á. Ìyá náà kò lè yan gàrí fún oṣù mẹ́ta gbáko. Owó àjọ tó fi ra epo yẹn, ó ní láti san án padà. Ṣé ẹ wá rí i pé ọ̀rọ̀ ìlera àti ọjà ni?

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tí awakọ̀ sọ lẹ́yìn tí a ti gbé ìyá yìí lọ sílé ìwòsàn. Ó ní ó ti tó oṣù méjì tí ọkọ̀ náà ti ń fà sí ọ̀tún tí òun bá ti tẹ bíréèkì. Kì í ṣe pé ó dákẹ́ o. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sanwó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n tú wò nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọkọ̀ tó ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan dà bí ẹni tí inú ń run. Dókítà tó gbọ́ṣẹ́ kò ní fún un lóògùn kó tó bi í pé, “Ìgbà wo ló ń run ọ́? Kí o tó jẹun ni àbí lẹ́yìn tí o bá jẹun tán?” Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ bi ọkọ̀. Ṣé gbogbo ìgbà ló ń fà ni? Ṣé ìgbà tí a bá tẹ bíréèkì nìkan ni? Ṣé ìgbà tó bá rù nìkan ni? Àbí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti ń ṣe é? Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ó ti fi ìdajì owó pamọ́ sápò.

Ẹ má sì da fífà pọ̀ mọ́ gbígbọ̀n. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n, tí volant rẹ̀ ń jó lọ́wọ́ awakọ̀, àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀. Nígbà òjò, lọ́nà ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí, ẹrẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú rímù, a sì gbẹ síbẹ̀ bí òkúta. Lọ́jọ́ kejì, tí ọkọ̀ bá dé orí títì ọlọ́dà tó lọ sí Sakété tó sì sáré díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Awakọ̀ á ní ọkọ̀ òun ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ jàre! Igi àti omi ni yóò fi ha ẹrẹ̀ yẹn kúrò nínú rímù.

Ká tó dá ọkọ̀ lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń la títì kì í ṣe é kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n máa ń jẹ́ kí àárín ga díẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì rẹlẹ̀, kí omi òjò lè rí ibi ṣàn sí. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń wakọ̀ nílẹ̀ wa níbí. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó yí i padà sí ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tiwa àti lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ilẹ̀ dà sí, ọkọ̀ tó pé pérépéré náà á fẹ́ rọra yọ̀ lọ sí ọ̀tún díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú tí kò sí èèyàn, ẹ wa ọkọ̀ ní ìwọ̀n kìlómítà 30 sí 40 ní wákàtí kan, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ di volant mú. Mi ò ní kí ẹ fi sílẹ̀ o! Ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni mo wí. Tó bá lọ tààrà níbẹ̀, ọ̀nà ló ń fà á, ẹ máa bá tiyín lọ. Tó bá ṣì ń fà níbẹ̀, ó di dandan ká wá ohun tó ń ṣe é.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí òun ni kò náni lówó. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, nígbà tí táyà ṣì tutù, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń lẹ táyà fi ohun ìwọ̀n rẹ̀ wọn afẹ́fẹ́ inú gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ta á kí ẹ ní ó dára. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, tàbí sínú ìwé ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà ní nǹkan bíi báà 2 sí 2,4, tí ẹrù bá sì pọ̀, ti ẹ̀yìn máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọ̀tún iwájú àti ti òsì iwájú gbọ́dọ̀ dọ́gba. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń rọ̀, ó máa ń wúwo láti yí, ó sì máa ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ da omi ọṣẹ sí i lára kí ẹ wo ibi tó ti ń hó. Ìṣó kékeré kan lè wà níbẹ̀ láti ọjọ́ ọjà tó kọjá.

Tí afẹ́fẹ́ bá dọ́gba tí ó ṣì ń fà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára táyà. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà bà yín lẹ́rù. Tí ẹ bá rí 185/70 R14, 185 ni ìbú táyà ní mìlímítà, 70 ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 70 nínú 100 ìbú yẹn, 14 sì ni ìwọ̀n rímù tó lè wọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n kọ sí ọ̀tún ni kó wà ní òsì. Mo ti rí ọkọ̀ tó gbé 185 sí ọ̀tún tó gbé 165 sí òsì, tí awakọ̀ wá ń pariwo pé àwọn ọ̀tá ló ń bá òun jà. Ọ̀tá wo? Ẹsẹ̀ kan ga, ẹsẹ̀ kan kúrú, báwo ni kò ṣe ní tiro?

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé táyà àlòkù tó ti òkè òkun wá là ń rà. Ẹ wá lẹ́tà DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà yẹn ló ń sọ ọjọ́ orí táyà. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá jẹ́ mẹ́ta péré, a jẹ́ pé kó tó di ọdún 2000 ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ sá fún un, bó ti wù kí eyín rẹ̀ dúró dáadáa tó! Rọ́bà tó ti gbó máa ń ya nínú, irin inú rẹ̀ máa ń ṣí kúrò ní ipò, ó sì máa ń fa ọkọ̀ kó tó di pé ó bẹ́ lójijì.

Táyà lè dára lójú kó sì jẹ́ òun ni ọ̀daràn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ tú táyà iwájú méjèèjì, kí ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì, kí ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ wá wakọ̀ padà síbi tó tẹ́jú yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ló ń fà sí tẹ́lẹ̀, tó wá di òsì, táyà ni. Tó bá ṣì ń fà sí ọ̀tún, ẹ ti dá táyà láre. Wákàtí kan péré, ẹ ò sì ra nǹkan kan. Àmọ́ tí àmì ọfà bá wà lára táyà, ó ní ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí sí, ẹ dá a padà sípò rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò.

Ó kan bíréèkì wàyí, èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lédè Faransé ń pè ní frein. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí dáadáa, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ṣe.

Bíréèkì lè ṣàìsàn lọ́nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni pé kó dì mú nígbà tí kò sẹ́ni tó ní kó dì mú. Awakọ̀ ti gbẹ́sẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n bíréèkì ẹsẹ̀ kan kò tú sílẹ̀. Ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn nígbà gbogbo, á máa mu epo, á máa wúwo. Ẹ fi ooru mọ̀ ọ́n. Ẹ wa ọkọ̀ bíi kìlómítà márùn-ún láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín sún mọ́ rímù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ó lè bó yín lára! Èyí tó bá gbóná ju èkejì rẹ̀ lọ gan-an, tó sì ń rùn bí rọ́bà tó ń jó, òun ni. Ẹ fi jáàkì gbé e sókè nígbà tó bá tutù, ẹ fọwọ́ yí i. Bí ò bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, irin inú étrier ti dógùn-ún, tàbí rọ́bà tó ń gbé omi bíréèkì lọ síbẹ̀ ti wú nínú, ó ń jẹ́ kí omi wọlé nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, kò sì jẹ́ kó padà.

Ọ̀nà kejì ni ti ọkọ̀ tó gbé wa wọ kòtò. Ọkọ̀ ń lọ tààrà, kò fà síbì kankan, àfi tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹ jẹ́ ká ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, kí ẹnì kan dìde. Ẹ so aṣọ méjì mọ́ ọn níbàdí, kí ẹnì kan di aṣọ ọ̀tún mú lẹ́yìn, kí ẹlòmíràn di ti òsì mú. Kí ẹni àárín máa rìn lọ síwájú. Ẹ wá sọ pé kí wọ́n dá a dúró, kí ẹni ọ̀tún fa aṣọ rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kí ẹni òsì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ibo ni ẹni àárín yí sí? Ọ̀tún, àbí? Sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀! Ta wá ni ọ̀lẹ níbẹ̀? Ẹni òsì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ọkọ̀ tó ń fà sí ọ̀tún nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, bíréèkì ọ̀tún rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ti òsì ni kò ṣiṣẹ́ tó. Àwọn tó tún bâchée yẹn ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀tún ni ọkọ̀ fà sí, ọ̀tún ni wọ́n tú. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi plaquette tuntun sí i, wọ́n tún un ṣe dáadáa, wọ́n sì ń fi kún agbára ẹsẹ̀ tó ti lágbára tẹ́lẹ̀. Oṣù méjì yẹn, ńṣe ni fífà náà ń le sí i. Nígbà tí àgbà mẹkáníìkì kan wá tú ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn ìjàǹbá, rọ́bà bíréèkì rẹ̀ ti dí pátápátá nínú, omi kò lè kọjá. Lójú, rọ́bà náà kò ní nǹkan kan. Ohun kékeré tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ ló ṣẹ́ ìyá náà lápá.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún mẹkáníìkì pé, “Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ẹ bá wa wo ẹ̀gbẹ́ kejì náà.” Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Kó wo bóyá omi bíréèkì ń jò sẹ́yìn rímù, bóyá gírísì tàbí ọ́ìlì ti ta sí plaquette, bóyá étrier ti há. Plaquette tó bá ti mu ọ́ìlì, kò ṣeé fi epo bẹntiróò fọ̀ kí a dá a padà, ó ti lọ nìyẹn. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ plaquette tàbí rọ́bà ẹsẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ ti èkejì tó kọjú sí i pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá tuntun tí èkejì gbó, fífà mìíràn lẹ fowó rà yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ sí ti ìlera. Èéfín dúdú tó máa ń wà nínú bíréèkì tí a bá tú u, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má sì fi afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù fẹ́ ẹ. Nínú plaquette àtijọ́, wọ́n máa ń po amiante mọ́ ọn. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró kì í jáde mọ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín kí ẹ fi àkísà nù ún. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ kọ́ ọ ní èyí lónìí, torí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni wọ́n máa ń ní kó fẹ́ ẹ.

Omi bíréèkì pẹ̀lú, májèlé ni. Ẹ má fẹnu fà á. Mo ti rí awakọ̀ tó da omi ọṣẹ sínú ike bíréèkì nígbà tí owó tán, àwọn mìíràn ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i. Yéè! Omi máa ń hó tí bíréèkì bá gbóná, ẹsẹ̀ á wá wọlẹ̀ láìsí ohun tó dì mú. Ọ́ìlì a sì mú kí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú, àtúnṣe rẹ̀ á wá di ìlọ́po mẹ́wàá owó ìgò kan. Ìgò tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n kọ sórí ìdérí ike náà. Lẹ́tà DOT yìí kan náà lẹ rí lára táyà lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìrìnnà ló ni ín, àmì òfin wọn ni. Omi yìí sì máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, torí náà lẹ́yìn bí ọdún méjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Tí táyà bá mọ́ tí bíréèkì sì mọ́, ẹ wo àwọn oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní rotule, àti roulement tó wà láàárín. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè. Ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, ẹ fi èkejì di ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ mì í. Bó bá ń mì kọ̀ọ́kọ̀ọ́, roulement tàbí rotule ti jẹ. Ẹ wá di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà mú, kí ẹ mì í bẹ́ẹ̀. Bó bá ń mì níbẹ̀ nìkan, irin tó ń yí ẹsẹ̀ fún volant ni kí ẹ wò. Rotule tó bá jẹ tán máa ń já, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á sì dùbúlẹ̀ lórí ìrìn. Ẹ má ṣe fi irú rẹ̀ gbé èèyàn.

Jáàkì ńkọ́? Lórí ilẹ̀ wa tó rọ̀ yìí, ẹ fi pákó tó nípọn sí abẹ́ rẹ̀, ẹ fi òkúta dí táyà tó kù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan. Ẹ gbé ìtì igi líle sí abẹ́ férémù. Jáàkì máa ń yọ̀, tó bá sì yọ̀, kò sí ẹni tó lè gbé ọkọ̀ kúrò lórí ọmọ yín kí ẹ̀mí tó bọ́.

Okùn lásán pẹ̀lú lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ dá volant sí àárín, kí ẹ na okùn láti àárín ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún, kí ẹ ta kókó síbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí òsì. Bí kò bá dọ́gba, tó fi nǹkan bí ìbú ìka kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀, irin kan ti tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bọ́ sínú kòtò, tàbí kí irin ẹ̀yìn ti sún kúrò nípò. Ìyẹn pọ̀ lára bâchée tó ń rẹrù. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn lẹ́yìn, bóòtù tó dì wọ́n mú láàárín lè já, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wá ya kúrò lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ iwájú. Tí ẹ bá tẹ̀lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ẹ ó rí i pé ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. (Tó bá jẹ́ Renault 4 àtijọ́ lẹ ní, ẹ má bẹ̀rù o, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn láti ilé iṣẹ́: ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ.)

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti tán ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ parallélisme, tó jẹ́ títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dúró bó ṣe yẹ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe é dáadáa, èèyàn a sì máa lọ sí Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu fún un. Àmì rẹ̀ ni pé volant wọ́ nígbà tí ọkọ̀ ń lọ tààrà, tàbí kí táyà máa jẹ ní etí inú nìkan tàbí etí òde nìkan. Tí orí táyà ẹ̀gbẹ́ kan bá dà síta ju ti èkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ọkọ̀ ń fà sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ to ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí rotule rẹ̀ ti jẹ, ó fowó ṣòfò. Kó tó délé padà, yóò ti kúrò nípò. Ìwé visite technique náà kò ní gba yín lọ́wọ́ èyí. Ó dára, ẹ ṣe é, òfin ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ rí lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n kọ, rọ́bà lè dí ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń kó ẹrù lọ sí Ouando, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín púpọ̀, ẹ má fi sílẹ̀ fún awakọ̀ nìkan. Bí wọ́n ṣe ń di ẹrù, ẹ wò ó. Tí wọ́n bá to gàrí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ewé àti agbọ̀n wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọkọ̀ á dà sí ibi tó wúwo, á sì máa fà síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n pín in. Tí ẹ bá sì jókòó níwájú, ẹ wo ọwọ́ awakọ̀. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà tí ọwọ́ rẹ̀ ń bá volant jà, tó ń fà á sí òsì ṣáá, ẹ bi í léèrè. Bí ọkọ̀ bá yà nígbà tó tẹ bíréèkì, kódà díẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn kí ẹ wọ òmíràn. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kì í pọ̀ lọ́jọ́ ọjà, mo sì mọ̀ pé awakọ̀ lè bú yín. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti sọ fún mi pé òun rí i lọ́jọ́ yẹn pé ọkọ̀ náà ń yà, ojú ló ń ti òun láti sọ̀rọ̀.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi ohun tó bàjẹ́ hàn yín kí ẹ tó ra tuntun, kí ẹ sì gba èyí tó yọ padà sọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìyẹn. Ẹ sì fi ohun tó wọ́n pọ́ọ́kú ṣáájú: afẹ́fẹ́, pípààrọ̀ táyà lọ́tùn-ún sí òsì, wíwo ooru rímù, okùn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó ń tú irin.

Ìbéèrè kan wọlé láti Kpoulou lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò. Arákùnrin kan tó ń wa zémíjáǹ ní òun kò ní mọ́tò, alùpùpù òun ló ń fà sí òsì, kí ni kóun ṣe? Kó wo táyà bákan náà. Kó wá wo ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fa ṣéènì le. Ilà kéékèèké wà lára irin náà ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tó fa ṣéènì le yóò ti yí nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á wá wọ́. Kó ka ilà tó wà ní ọ̀tún, kó ka ti òsì, kó tú nọ́ọ̀tì títí méjèèjì yóò fi dọ́gba, kó sì dì í le padà. Tó bá ṣì ń fà lẹ́yìn ìyẹn, kó dúró níwájú rẹ̀ kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há táyà iwájú, kó wò ó bóyá ọwọ́ alùpùpù dúró déédéé sí táyà náà. Ẹni tó bá ti ṣubú rí mọ́ ohun tí mò ń sọ.